KÌ Í ṢE ÈṢÙ, BÓÒTÙ NI

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Ẹ má kàn ka àkọlé kẹ́ ẹ wá máa tẹ "Àmín" sísàlẹ̀.

Láti ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni fóònù mi ò ti sinmi. "Daddy, a gbọ́ pé mọ́tò fẹ́ gba ẹ̀mí yín." "Daddy, àwọn ọ̀tá ilé bàbá yín ò ní rí yín gbé ṣe." Ẹnì kan tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ṣé gan-an ni. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àdúrà yín ṣòfò. Ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́ kí ẹ máa bá ẹni tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ jà. Kì í ṣe ará ilé bàbá mi. Mi ò ní gbèjà èṣù, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun náà. Bóòtù ni. Bóòtù kan ṣoṣo. Èmi Pásítọ̀ yín sì lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Mo sọ díẹ̀ níbẹ̀ lórí pẹpẹ lánàá, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ gbogbo ẹ̀ níbí.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn àjò náà, mo gbé Corolla mi lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì níbí ní Ìbàdàn. Páàdì bíréèkì iwájú ti jẹ tán, dísìkì náà ti họ. Mo ní ìgbéyàwó tí mo fẹ́ so pọ̀ ní aago mẹ́wàá. Aago méje ààbọ̀ ni mo débẹ̀. Ọ̀gá ò sí nílé, ó ti lọ ra nǹkan ní ọjà Aràrọ̀mí ní Agodi Gate. Ọmọṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́.

Ó ní, "Daddy, ẹ jẹ́ ká dúró de ọ̀gá. Tó bá jẹ́ páàdì nìkan ni, mo máa ṣe é. Ṣùgbọ́n a máa tú kálípà kúrò pátápátá ká tó lè yọ dísìkì."

Mo ní, "Ọdún mẹ́ta lo ti wà níbí, kí lò ń kọ́? Ṣe é jàre, ìyàwó ń dúró dè mí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń wo aago. Ó fi jáàkì gbé mọ́tò, ó tú táyà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dìde lọ dúró lé e lórí. "Ṣé o ò tíì ṣe tán ni?" Nígbà kẹta, mo fi ohùn tí mo fi ń lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìjọ wa mọ ohùn yẹn.

Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, ó ní, "Ó ti parí, sà." Kò wo ojú mi. Mo fún un ní owó, mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo súre fún un, mo sì lọ. Ìgbéyàwó náà dùn. Mo wàásù lórí ìpìlẹ̀ tó dúró ṣinṣin.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo kó mẹ́rin nínú àwọn ọ̀dọ́ akọrin wa, à ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìsọjí. A ò tíì jìnnà sí Mọníyà tí mo fi ń gbọ́ ìró kan lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ iwájú. Kọ̀, kọ̀, kọ̀. Tí mo bá tẹ bíréèkì, á dún. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, á dákẹ́. Arábìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ní, "Daddy, nǹkan kan ń dún o." Mo ní, "Ojú ọ̀nà tí ò dáa ni." Mo wá gbé orin sókè kí ìró náà má baà dà wá láàmú.

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ náà. Mọ́tò ń bá mi sọ̀rọ̀, mo fi orin ìyìn bo ohùn ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tá a fẹ́ wọ Fìdítì, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lójijì níwájú wa. Mo tẹ bíréèkì. Gbàù! Sítíárì já mọ́ mi lọ́wọ́, mọ́tò fà sọ́wọ́ ọ̀tún bí ìgbà tí ẹnì kan fi okùn fà á. Gbogbo àwọn ọmọ náà ké "Jésù!" lẹ́ẹ̀kan náà. A yà kúrò lójú títì, a gun koríko, a dúró. Láàárín wa àti igi kan níbẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni mo wọ̀n. Kò sẹ́ni tó fara pa. Fún èyí, ògo ni fún Ọlọ́run, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Mẹ́káníìkì kan tó wà nítòsí bá wa tú táyà náà. Ó wò ó, ó mi orí. Bóòtù méjì ló ń di irin tó gbé kálípà dání mú mọ́ ara ọkọ̀. Èyí tó wà lókè ti já bọ́ sọ́nà, èyí tó wà nísàlẹ̀ ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Kálípà ti yí, ó sì ti lọ kọ́ ríìmù. Róbà tó ń gbé ọ́ìlì bíréèkì ti nà tán, ó ku díẹ̀ kó já. Ó wá ki ìka bọ ihò bóòtù tó já náà, ó fa nǹkan kan yọ, ó ń dán yinrin. Bébà fàdákà inú páálí sìgá ni, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀.

Ọkùnrin náà bojú wo kọ́là ọrùn mi, ó bojú wo bébà náà, ó ní, "Bàbá Pásítọ̀, ṣé ẹ̀ ń mu sìgá ni?"

Àwọn akọrin rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo fi àwọn ọmọ náà sínú bọ́ọ̀sì kí wọ́n máa lọ síbi ìsọjí, wọ́n sì wọ́ mọ́tò padà sí Ìbàdàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá kó gbogbo àwọn ọmọṣẹ́ jọ. Ó ju bébà sìgá yẹn sílẹ̀. "Ta ló ṣe é?" Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ó mú páìpù kan. Ìgbà yẹn ni ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó ní òun ni. Ó ní bóun ṣe ń dá bóòtù náà padà, òun ò fi ọwọ́ wá ojú ihò kóun tó fi sípánà sí i, torí àtitètè parí. Bóòtù náà wọlé ní ẹ̀gbẹ́. Ó le, òun rò pé ìdọ̀tí ni, òun ki páìpù bọ ìdí sípánà kóun lè ní agbára sí i. Ó yí, ó yí, nígbà tó yá ó kàn ń yí lásán. Eyín inú ihò ti bó.

Ọ̀gá ní, "Kí ló dé tó ò fi pè mí? Ṣé èmi ni mo máa pa ẹ́ ni?"

Ẹ gbọ́ ìdáhùn ọmọ náà. Ó ní, "Ọ̀gá, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ́rù yín bà mí. Ẹ̀rù Daddy ló bà mí."

Ẹ̀yin ará, mo ti ń wàásù fún ọdún mọ́kàndínlógún. Wọ́n ti bú mi rí, wọ́n ti purọ́ mọ́ mi rí. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó gbólóhùn yẹn. Ọmọ tí mo gbé ọwọ́ lé lórí, tí mo súre fún, ẹ̀rù mi ló mú un fi bébà sìgá di bíréèkì mọ́tò tí mo fẹ́ fi gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀gá ní kó kó ẹrù ẹ̀ kó máa lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló kù kó ṣe fíríídọ́ọ̀mù. Mo bẹ ọ̀gá. Mo ní, "Ọ̀gá, ohun tó ṣe burú, ó lè pààyàn. Ẹ bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e. Èmi ni mo kì í mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe lójú wa, èmi ni màá sanwó." Ó pẹ́ kó tó gbà. Ó ní kí ọmọ náà tú irin náà fúnra ẹ̀, kó rù ú lọ sọ́dọ̀ tọ́nà. Èmi náà tẹ̀lé wọn.

Alhaji ni tọ́nà náà, àgbàlagbà tó ti pẹ́ nídìí irin. Ó ki ìgò sójú, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà. Ó ní, "Pásítọ̀, ihò tí eyín ẹ̀ ti bó kì í gbọ́ fífún. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń fún un sí i, bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe máa bà á jẹ́ sí i."

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí púpọ̀ nínú wa ń wa ọkọ̀ láìmọ ohun tó gbé wa ró. Eyín tó yí bóòtù ká, tí àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní téèdì, ló ń bá eyín inú ihò ṣe wọnú ara wọn. Bí a bá fún bóòtù dáadáa, ara ẹ̀ á nà díẹ̀ tí ojú ò lè rí, á wá máa fa irin méjèèjì mọ́ra bíi sípíríìngì. Fífà yẹn ló ń mú un dúró. Ti mọ́tò mi fẹ̀ ní mílímítà 12, kò tó ìka ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ bíréèkì, agbára tó ń dá táyà náà dúró, ọ̀dọ̀ bóòtù méjì yẹn ló ń gbà kọjá. Bí eyín bá ti bó, kò sí ohun tí bóòtù máa dì mú. Ẹ lè yí i títí di alẹ́, kò ní fún. Bébà sìgá, téèpù àwọn púlọ́ńbà, gọ́ọ̀mù, gbogbo ẹ̀ kàn ń mú kó dà bí ẹni pé ó fún ni. Ó máa le lọ́wọ́ yín lónìí. Bí ooru bíréèkì àti gbígbọ̀n ọ̀nà bá dé bá a, á tú.

Alhaji ní ohun àkọ́kọ́ tóun máa wò ni bóyá irin náà sán, tàbí bóyá ihò náà ti fẹ̀ dé etí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí àtúnṣe, ká lọ ra òmíràn ní Aràrọ̀mí. Ó ní ọ̀rọ̀ bíréèkì kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń sọ pé "ká ṣáà máa wò ó." Ó wò ó yípo, ó ní ara ẹ̀ ṣì dá.

Ó de irin náà mọ́ orí tábìlì ẹ̀rọ kó má baà mì, ó wọ̀n ọ́n kó dúró gbọọrọ, torí bí ihò bá wọ́, bóòtù á wọ́. Ó wá gbé dírílù tó fẹ̀ ju ihò náà lọ, ó ń lu ú.

Ọmọ náà ní, "Alhaji, ẹ̀ ń mú un fẹ̀ sí i!"

Alhaji ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo eyín tó ti bàjẹ́ ni mo gbọ́dọ̀ kó kúrò. Tí mo bá dá díẹ̀ sí nítorí àánú, orí irọ́ ni màá kọ́ tuntun lé."

Lẹ́yìn náà ló mú irin tó ń gé eyín, ó ta ọ́ìlì sí i, ó fún ọmọ náà pé kó yí i. Ó kọ́ ọ pé kó máa yí i síwájú díẹ̀, kó dá a padà díẹ̀, kí èérún irin lè já, kó má kánjú. Nígbà tó tán, wọ́n fọ ihò náà mọ́, wọ́n gbẹ ẹ́. Alhaji wá yí búùṣì irin líle kan wọnú ẹ̀. Búùṣì yẹn ní eyín níta tó bá ihò tuntun mu, ó sì ní eyín nínú tó bá bóòtù mu. Ó tún fi oje tí wọ́n fi ń dè é sí i kó má baà bá bóòtù jáde. Bóòtù tuntun la rà, méjèèjì. Ọ̀gá kò gbà ká lo ti àtijọ́. Ó ní bóòtù míì wà tó fẹ̀ ní mílímítà 12 bíi tèmi, ṣùgbọ́n eyín tèmi jìnnà síra ní mílímítà 1.25, tìyẹn sì jẹ́ 1.5. Ojú lásán ò lè yà wọ́n, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá fi ọ̀kan sínú ihò èkejì, ẹ ti ba ihò jẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n dá gbogbo ẹ̀ padà, ọmọ náà fi ìka méjì yí bóòtù wọlé. Ọwọ́ lásán. Ó wọlé láìjà. Lẹ́yìn náà ló tó fi sípánà 17 sí i, ó sì fi sípánà tó ń wọn agbára parí ẹ̀, èyí tó máa ń dún "kà!" nígbà tí fífún bá ti tó iye tí ìwé ọkọ̀ sọ. Nígbà tó dún, ọmọ náà gbójú sókè wò mí. Ó sunkún. Èmi náà ò lè mú un mọ́ra.

Ẹ rántí ọmọ wòlíì kan nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹfà. Ó ń gé igi létí Jọ́dánì, irin àáké bọ́ sínú omi, ẹni ẹlẹ́ni ló ni àáké. Ó kígbe, ó sọ ọ́. Èlíṣà kò bú u, kò bi í pé ojú ẹ̀ dà. Ibi tí irin náà bọ́ sí ló béèrè. Ọmọ náà fi ibẹ̀ hàn án, ibẹ̀ gan-an ni irin náà sì ti léfòó. Mo ti wàásù lórí iṣẹ́ ìyanu yẹn tó ìgbà mẹ́wàá. Ọjọ́ Sátidé yìí ni mo tó rí ohun tó ṣáájú ẹ̀: ọmọ náà lè ké lójú ọ̀gá ẹ̀. Ká ní Èlíṣà ní irú ohùn tí mo lò fún ọmọ yẹn ni, bóyá inú omi ni àáké náà máa wà di òní.

Lóru ọjọ́ yẹn mi ò sùn. Ìyàwó mi bi mí pé kí ló dé. Mo ní mò ń ka iye èèyàn tó ti fi bébà sìgá dí nǹkan nítorí mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá rán mi létí arákùnrin kan nínú ìjọ wa. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Oṣù márùn-ún ló fi ń wọ aṣọ iṣẹ́ jáde nílé láràárọ̀, ó ń lọ jókòó sínú ọgbà kan títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ń yá owó láti fi san ìdámẹ́wàá kí a má baà mọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Daddy, ẹ̀yin lẹ wàásù pé ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó lọ yẹ ìgbésí ayé ẹ̀ wò." Nígbà yẹn mo gba àdúrà fún un, mo sì gbàgbé. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Mo gbọ́ ọ báyìí. Mo ti lọ sílé ẹ̀ lánàá lẹ́yìn ìsìn, mo ti tọrọ àforíjì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin Pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi: ibi tí ẹ̀rù ti ń ba èèyàn láti sọ pé "mo bà á jẹ́," ibẹ̀ ni bíréèkì ti ń já. Ẹni tó bà á jẹ́ tó sì sọ, owó la ó fi tún un ṣe. Ẹni tó bà á jẹ́ tó sì bò ó, ẹ̀mí la lè fi san án. Bí àárín yín àti ẹnì kan bá sì ti bó, ẹ má máa fún un sí i. Ariwo ò lè mú un. "Ẹ dì mọ́ra, ẹ ti parí ìjà" tí mo máa ń ṣe fún tọkọtaya láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìsìn, bébà sìgá ni. Mo ti jáwọ́ ńbẹ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ yìí lọ, láti aago mẹ́rin sí aago meje, mo wà ní ọ́fíìsì fún ẹnikẹ́ni tó bá ní nǹkan tó bàjẹ́. Mi ò ní pariwo. Bí mo bá pariwo, ẹ sọ fún Mummy.

Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò náà: bí ẹ bá gbọ́ kọ̀, kọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ má gbé orin sókè. Ẹ dúró. Bí wọ́n bá ń ṣe bíréèkì yín, ẹ má kì wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí bóòtù wọlé. Kí ẹ sì sọ ọ́ jáde kí wọ́n gbọ́: "Tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún mi, mi ò ní jà." Gbólóhùn yẹn lè gba ẹ̀mí yín là.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Bàbá, ohunkóhun tí a ti fi nǹkan yẹpẹrẹ dí nínú ilé wa, nínú ìgbéyàwó wa, nínú ìjọ wa, tú u fó kó tó pa wá. Kó gbogbo èyí tó ti bàjẹ́ kúrò, má ṣe dá díẹ̀ sí. Fi tuntun tó lágbára síbẹ̀. Sì dárí jì mí, èmi ìránṣẹ́ rẹ, fún gbogbo ẹni tí ohùn mi ti dẹ́rù bà débi tí kò lè sọ òótọ́. Ní orúkọ Jésù.

Ẹ lè wá tẹ "Àmín" yín báyìí. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ lórí mọ́tò mi, jọ̀ọ́, lọ jẹun.